Awò ìbọn oníná tó ti pẹ́: owó àtúnṣe tí wọ́n pè fún mi ti fẹ́ tó ti tuntun

Ọdẹ_Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ná owó tí màá kábàámọ̀ rẹ̀.

Mo ní awò ìbọn oníná kan, ìyẹn páìpù onídígí tí à ń gbé sórí ìbọn láti fi wo ẹran, 3-12x56 ni (ó ń sọ nǹkan di ńlá láti ìlọ́po mẹ́ta dé méjìlá, dígí iwájú rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 56), ó ti lé ní ogún ọdún. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní ọdẹ ló tà á fún mi nígbà tí ojú wọn ò gbé e mọ́. Dígí rẹ̀ ṣì mọ́ kedere. Ẹ̀kán iná pupa kan wà láàárín àmì àgbélébùú rẹ̀, bátìrì CR2032 ló ń lò, régúlétọ̀ iná náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń gbé ojú sí, oókan dé eéje ló wà lára rẹ̀.

Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni iná náà ti ń ṣẹ́jú. Bí mo bá yìnbọn, á kú. Bí mo bá fi ìka gbá a, á tún tàn. Nígbà tó yá, ó kú pátápátá. Mo ra bátìrì tuntun, kò tàn. Mo ra òmíràn, kò tàn.

Mo wá fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ àtúnṣe kan. Wọ́n gba owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn tó ṣe é kò ṣe páàtì iná rẹ̀ mọ́, pé àfi kí àwọn tú gbogbo inú rẹ̀. Iye tí wọ́n pè tó ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tí màá fi ra tuntun tó bá a dọ́gba. Mo ní kí wọ́n dá a padà fún mi ná. Ó wà níwájú mi lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Iná tí kò tó orí abẹ́rẹ́, ṣé òun ló ń gba irú owó yẹn? Ẹnikẹ́ni tó bá ti tún irú rẹ̀ ṣe rí, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí fún mi.

Ojú_Àwòdì

Ọ̀gbẹ́ni, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ tà á bó ṣe wà fún ẹni tí kò nílò iná, ẹ fi owó náà kún ti àtúnṣe, ẹ ra tuntun. Tuntun á ní ìdánilójú ilé iṣẹ́ (wárántì), á ní iná tó ń kú fúnra rẹ̀ bí ìbọn bá wà nílẹ̀. Èmi kì í ná ju ìdajì owó tuntun lọ sórí ohun àlòkù, ìyẹn ni mo fi ń ṣe òdiwọ̀n.

Bàbá_Aláwò

Ọdẹ_Ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Iṣẹ́ awò títúnṣe ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó yẹn ń lọ, nítorí kì í ṣe iná ló wọ́n.

LED kan, ìyẹn iná kékeré inú rẹ̀, kò tó nǹkan. Ibi tó fara pamọ́ sí ló ń gba owó. Nígbà tí wọ́n ṣe awò yín, wọ́n lé afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ jáde nínú páìpù rẹ̀, wọ́n sì fi náítírójìn gbígbẹ dí àyè rẹ̀, kí dígí má baà mú èémí bí ẹ bá gbé e láti inú ilé tó móoru bọ́ sí òtútù. Rọ́bà òrùka ló ń dá náítírójìn náà dúró. Bí a bá ti tú páìpù, náítírójìn ti lọ nìyẹn. A gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rọ́bà, nítorí rọ́bà tó ti lo ogún ọdún ti gan, kì í padà fún pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. A gbọ́dọ̀ fi náítírójìn tuntun sí i. Lẹ́yìn náà a ó rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, a ó máa wò bóyá afẹ́fẹ́ ń yọ lára rẹ̀.

Ìyẹn kò tíì dé ibi àmì àgbélébùú. Nínú awò oníná, àmì yẹn kì í sábà jẹ́ wáyà lásán. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára dígí pẹlẹbẹ kékeré kan. LED wà lẹ́bàá dígí náà, iná rẹ̀ ń gba etí dígí wọlé, ibi tí wọ́n gbẹ́ nìkan ló sì ń da iná náà sí yín lójú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ẹ̀kán pupa láàárín òkùnkùn láìrí gílóòbù kankan. Ẹ wá wò ó: ibi tí àmì wà gan-an ni dígí ojú ń sọ di ńlá fún yín. Eruku kan ṣoṣo tó bá bà lé dígí àmì, bí òkúta lẹ ó ṣe máa rí i títí ayé. Nítorí náà, yàrá tí kò léruku la ti ń tú u, bí a bá sì rí eruku kan lẹ́yìn tí a ti dé e, a ó tún un tú.

Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, a ó tò ó kí àárín àmì má yẹ̀ bí ẹ bá ń yí ìsúnmọ́ láti 3 lọ sí 12, a ó sì gbọ̀n ọ́n bí ìbọn ṣe ń gbọ̀n ọ́n, ká lè mọ̀ pé kò ní tún kú. Ọjọ́ kan gbáko lè lọ sí i, ọjọ́ méjì nígbà mìíràn. Owó tí wọ́n pè fún yín, owó ọwọ́ ni, kì í ṣe owó páàtì.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Bí ẹ bá yí ìsúnmọ́ sókè, ṣé àmì àgbélébùú náà ń tóbi pẹ̀lú ẹran, àbí ẹran nìkan ló ń tóbi? Ṣé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò wọn pé àbùkù wà nínú tàbí níta? Ṣé ẹ ní mítà iná nílé?

Ọdẹ_Ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹran nìkan ló ń tóbi, àmì dúró bó ṣe wà. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé kò ju "iná kò ṣiṣẹ́, títú àti àtúnṣe pátápátá" lọ. Mo ní mítà kékeré kan, ó ń ka fóltì àti mílíámpù. Bátìrì tó wà níbẹ̀ ka fóltì 3.1.

Àǹtí_Pátákó

Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ_Ìrọ̀lẹ́, èmi kì í ṣọdẹ, pátákó ni mo ń yìnbọn sí, ṣùgbọ́n awò oníná mẹ́ta ti kú mọ́ mi lọ́wọ́, méjì nínú wọn kò sì ní àbùkù kankan nínú.

Àkọ́kọ́, fóltì 3.1 tí ẹ rí kò tíì jẹ́rìí sí bátìrì. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè ka 3 bí kò bá ru ẹrù, kó sì wó lulẹ̀ bí LED bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Èkejì, ẹ wo bátìrì tí ẹ rà dáadáa. Àwọn kan wà báyìí tí wọ́n fi ohun kíkorò pa lára kí ọmọdé má baà gbé e mì. Ohun tó dára ni, bátìrì pẹlẹbẹ lè dá egbò síni lọ́nà ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kíkorò yẹn kì í jẹ́ kí iná kọjá, nínú ẹ̀rọ tí irin rẹ̀ kàn ń fara kan bátìrì díẹ̀, kò ní tàn. Ẹ fi òwú tó ní sípíríìtì nù ún tójú-tẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú awò mi, òun ni. Mo ti di í sínú páálí láti fi ránṣẹ́ kí n tó mọ̀.

Ẹ̀kẹta, àmì àròpọ̀ lára bátìrì, ṣé ìdérí ló kọjú sí? Ọ̀pọ̀ awò ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn, àmì kékeré kan máa ń wà nínú ìdérí tàbí ní ìsàlẹ̀ ihò.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀_Ọdẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹnì kan má baà ṣe ohun tí mo ṣe. Iná awò mi kú, owó tí wọ́n pè dà bíi ti ẹ̀gbọ́n yìí gẹ́lẹ́, mo wá gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dá, mi ò parọ́ mọ́ ọn. Ó tú u, ó rí wáyà kan tó já, ó fi òjé jó o padà, iná tàn. Owó tó gbà kò tó nǹkan. Inú mi dùn.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí òtútù mú, mo gbé ojú sí i, ẹfun ni mo rí. Dígí ti mú èémí láti inú, kò ṣeé nù. Mo gbé e sínú oòrùn, ó mọ́. Ní alẹ́, ó tún mú. Èémí náà wá fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára dígí tó wà láàárín. Nígbà tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, owó tí wọ́n pè ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí wọ́n ní láti pààrọ̀ dígí kan pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó fún iná kan.

Bàbá_Aláwò

Ọ̀dẹ̀dẹ̀_Ọdẹ, ẹ kú àmúmọ́ra. Irú rẹ̀ ń wá sí ọ̀dọ̀ mi lọ́pọ̀ ìgbà. Oníṣẹ́ rédíò kì í ṣe ọ̀tá, pánẹ́ẹ̀lì ló mọ̀, kò mọ̀ pé náítírójìn wà níbẹ̀.

Ọdẹ_Ìrọ̀lẹ́, bí àmì yín kò bá ń tóbi, ìròyìn ayọ̀ ni. Ó túmọ̀ sí pé dígí àmì wà lẹ́yìn, nítòsí ojú yín, kò jìnnà sí régúlétọ̀. Èyí tí àmì rẹ̀ ń tóbi, iwájú ni tirẹ̀ wà, nínú páìpù inú tó máa ń rìn bí ẹ bá ń to awò. Wáyà ibẹ̀ ń tẹ̀, ó ń nà, òun ló sábà máa ń já, òun ló sì ń gba owó jù. Tiyín rọrùn díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú tiyín, bátìrì, régúlétọ̀ àti pánẹ́ẹ̀lì kékeré wà nínú ilé tiwọn níta, iná nìkan ló ń gba ojú dígí tí wọ́n ti dí pa wọlé.

Ẹ ṣe èyí fún mi. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọta kúrò nínú ìbọn, kí ẹ sì yọ awò kúrò lórí rẹ̀. Ẹ nu bátìrì bí Àǹtí ṣe wí, ẹ fi sínú ihò, ẹ má ì tíì dé e. Ẹ yí régúlétọ̀ sí 7. Ẹ to mítà sí mílíámpù. Ẹ fi ẹnu ọ̀pá mítà kan kan ojú bátìrì tó wà lókè, ẹ fi èkejì kan ojú síkúrù tó wà lẹ́nu ihò, níbi tí irin ti ń dán. Mo ní irin tó ń dán o: àwọ̀ dúdú tí wọ́n fi pa alumíníọ́ọ̀mù kì í jẹ́ kí iná gbà á kọjá, ẹ lè máa fi ọ̀pá kàn án títí ilẹ̀ á fi ṣú, mítà á dúró sí òdo. Ẹ kíyè sí i kí ọ̀pá méjèèjì má kan bátìrì nìkan.

Bí mítà bá ka mílíámpù díẹ̀, LED yín wà láàyè, ọ̀nà tí iná ń gbà láti ìdérí dé ara awò ló dí. Bó bá dúró sí òdo lẹ́yìn tí ẹ ti yí régúlétọ̀ káàkiri, inú ni kí a máa wò.

Ojú_Àwòdì

Mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ. Ìmọ̀ dígí ti lọ síwájú láti ogún ọdún. Kí ló dé tí ènìyàn á fi máa fi mítà wá ìṣòro?

Àǹtí_Pátákó

Ẹ̀gbọ́n Ojú_Àwòdì, òótọ́ ni pé ó ti lọ síwájú, ṣùgbọ́n kì í ṣe tó bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀. Láti ọdún 1935 ni Smakula, onímọ̀ físíìsì kan, ti ṣe àwọ̀ tí kì í jẹ́ kí dígí máa dán padà, ní ilé iṣẹ́ Zeiss ní Jena. Awò rere tó ti lo ogún ọdún, onípele púpọ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ náà. Ẹ wo ìṣirò: dígí iwájú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 56. Bí ẹ̀gbọ́n bá yí i sí 8, 56 pín sí 8 jẹ́ 7, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sí ojú fẹ̀ tó mílímítà 7, ìwọ̀n tí ọmọ ẹyinjú ọ̀dọ́ lè là dé nínú òkùnkùn nìyẹn. Tuntun tó bá tún jẹ́ 56 kò lè gbé ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ wọ ojú. Ìyàtọ̀ tó kù kéré, àwọn tí owó ìyàtọ̀ yẹn kò ká lára ló ń wá a.

Gílóòbù_Àtijọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú mìíràn ni. PSO-1 ni mo ní, awò tí àwọn ará Soviet ṣe fún ìbọn SVD tí wọ́n gbà wọ iṣẹ́ ológun ní 1963. Gílóòbù kékeré ló wà nínú ti àtijọ́, kì í ṣe LED. Gílóòbù á jó, ẹ ó sì pààrọ̀ rẹ̀ láti ìta láìtú páìpù, wọ́n ti mọ̀ pé ó máa jó nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Wàhálà mi ni bátìrì. Oní-mákúrì ni wọ́n ṣe é fún, kò sì sí ẹni tó ń ṣe é mọ́, àfi kí ènìyàn wá ilé bátìrì mìíràn tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó àtúnṣe fún awò àtijọ́, ẹ wò ó bóyá bátìrì rẹ̀ ṣì wà láyé. CR2032 ti ẹ̀gbọ́n yìí wà níbi gbogbo, èrè ńlá nìyẹn.

Àfẹ̀mọ́júmọ́

Èmi náà ní ìbéèrè. Awò tèmi kò ní bátìrì rárá, tritium, gáàsì kan tó ń tú ìtànṣán, ló wà nínú rẹ̀. Iná rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Bàbá_Aláwò

Àfẹ̀mọ́júmọ́, ti tiyín kì í ṣe àbùkù, ọjọ́ orí ni. Lẹ́yìn ọdún 12.3, ìdajì tritium náà á ti lọ. Lẹ́yìn bí 25, á ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Ohun tí wọ́n fi pa inú ìgò rẹ̀ kí ó máa tàn náà ń gbó. A kì í tún un ṣe, ńṣe là ń pààrọ̀ ìgò kékeré náà, ilé iṣẹ́ tó bá sì ní ìwé àṣẹ fún ohun tó ń tú ìtànṣán ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mú fà á yọ lórí tábìlì ilé. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀ ní àlòkù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é, kí ẹ yọ owó ìgò kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Ọdẹ_Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, iná tàn!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo yọ ìdérí bátìrì, mo gbé e sábẹ́ gílásì tí mo fi ń kàwé. Sípíríǹgì kékeré kan wà láàárín rẹ̀, kò tó irun mẹ́ta tí a so pọ̀. Ó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí rẹ̀ sì ti yọ ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé, bí èyí tó máa ń wà lára kọ́bọ̀ àtijọ́. Ojú síkúrù rẹ̀, gíríìsì ló kún inú rẹ̀, ó ti dúdú, ó ti le. Mo rántí báyìí. Ọ̀gá mi máa ń fi gíríìsì pa gbogbo ohun tí omi lè wọ̀, títí kan okùn bàtà wọn. Wọ́n fẹ́ dáàbò bò ó ni.

Mo ṣe ohun tí Bàbá wí. Ọ̀pá kan lórí bátìrì, èkejì níbi tí mo ti họ gíríìsì kúrò. Mítà sún, ó ka mílíámpù mẹ́ta àti díẹ̀. Mo ké sí ìyàwó mi pé kó bá mi wo inú awò, ó ní, "Nǹkan pupa kan wà níbẹ̀." Mo jókòó sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípíríìtì fọ ojú síkúrù méjèèjì títí ó fi ń dán. Mo fi ìrésà lẹ́ẹ̀dì pa ìdọ̀tí ewé náà rẹ́, mo rọra fi abẹ́rẹ́ gbé sípíríǹgì dìde. Mo dé e. Ó tàn.

Ṣùgbọ́n kò pé. Ní 1, 2, 3, ó tàn dáadáa. Ní 4, 5, 6, ó kú. Ní 7, ó tàn. Bí mo bá tẹ régúlétọ̀ mọ́ra, 4 á tàn díẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí_Pátákó

Ẹ̀gbọ́n, orí yín pé! Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi níbi "nǹkan pupa kan".

Bàbá_Aláwò

Ẹ kú oríire. Ohun tó kù fún yín ni ojú régúlétọ̀. Bí ẹ bá ń yí i, ahọ́n irin kékeré kan ń rìn lórí ìlà bàbà. Ibi tí wọ́n máa ń dúró sí jù ni ó máa ń jẹ. Ó jọ pé 4 sí 6 ni ọ̀gá yín ń lò.

Ẹ má tú u fúnra yín, bọ́ọ̀lù kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń fò jáde, ẹ kò ní rí i mọ́. Ẹ padà kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yẹn. Ẹ sọ fún wọn pé LED wà láàyè, ẹ kọ iye mílíámpù tí ẹ rí, ẹ ní iṣẹ́ ilé régúlétọ̀ nìkan ni ẹ fẹ́, kí wọ́n má ṣí páìpù. Ẹ ní kí wọ́n ya owó ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀: iṣẹ́ ọwọ́, páàtì, rọ́bà, owó ìfìránṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá owó àyẹ̀wò tí ẹ ti san máa wọ inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa la máa ń yọ ọ́ kúrò. Bó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n wà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, torí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, awò ìbọn kò ṣeé fi kọjá ààlà bí ẹni fi aṣọ ránṣẹ́. Owó ìwé yẹn nìkan lè ju owó régúlétọ̀ lọ.

Ojú_Àwòdì

Ẹ wá wò ó. Gíríìsì ni, wọ́n sì fẹ́ gba ìdá méjì nínú mẹ́ta! Ìyànjẹ nìyẹn. Ẹ má padà sọ́dọ̀ wọn.

Bàbá_Aláwò

Ojú_Àwòdì, mi ò ní pè é ní ìyànjẹ. Bí awò ogún ọdún bá dé ọwọ́ mi, tí mo fọ ìdérí, tí iná tàn, tí mo gba owó kékeré, tó wá tún kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nítorí régúlétọ̀, èmi ni wọ́n máa bú. Nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í gba iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á fi ìdánilójú lé e. Ìyẹn kò burú. Ohun tó dùn mí ni pé wọn kò kọ ohun tí wọ́n rí. Ẹni tó sanwó àyẹ̀wò, èsì àyẹ̀wò ló rà. "Iná kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe èsì, ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún wọn ni wọ́n tún sọ fún un.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀_Ọdẹ

Bàbá ti sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra àlòkù, ẹ béèrè ìdánilójú pẹ̀lú. Ìdánilójú ti Vortex, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe awò, bí àpẹẹrẹ, awò ló ń bá lọ, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ rà á, wọn kì í sì í béèrè ìwé ọjà. Àwọn mìíràn wà tí dígí ní ìdánilójú gbogbo ọjọ́ ayé ṣùgbọ́n tí ti iná rẹ̀ kì í pẹ́ parí. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ iná.

Ọdẹ_Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn. Mo kọ̀wé bí Bàbá ṣe ní kí n kọ ọ́, pẹ̀lú iye mílíámpù. Ẹlòmíràn ló dá mi lóhùn, ó sì fara balẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ilé régúlétọ̀ nìkan, àwọn ní ahọ́n irin tó bá a mu, àwọn kò ní ṣí páìpù, owó àyẹ̀wò á sì wọ inú rẹ̀. Iye tuntun náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti àkọ́kọ́.

Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Mo dá awò padà sórí ìbọn lánàá. Ọta mẹ́sàn-án ni mo yìn kí n tó tún un sọ́nà, owó yẹn náà wà nínú ìnáwó àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Lẹ́yìn náà mo jókòó títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Imadò kan jáde létí igbó. Ara rẹ̀ dúdú, igbó dúdú, àmì àgbélébùú dúdú, mi ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Mo yí iná sí 2. Ẹ̀kán pupa yẹn bà lé èjìká rẹ̀. Mi ò yìnbọn, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí mo tún yí i sí 3, ìtànṣán rẹ̀ ti pọ̀ jù fún òkùnkùn, igbó tó wà lẹ́yìn ti pòórá. Nítorí náà 4 sí 6 tó kú, ojúmọmọ ló wà fún, ojúmọmọ kò sì nílò iná. Mo rò ó pé kí n lò ó bẹ́ẹ̀ títí àsìkò ọdẹ máa fi parí, kí n wá fi ránṣẹ́ fún régúlétọ̀ nígbà tí ìbọn bá ń sinmi. Bàbá, ṣé ó léwu?

Bàbá_Aláwò

Kò léwu fún awò. Ìlà 1 sí 3 kò tíì jẹ. Ẹ yọ bátìrì bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ pẹ́, kí ó má baà sunkún síbẹ̀. Ẹ sì má pẹ́ ju ọdún yìí lọ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹni tó ní ahọ́n irin yẹn lónìí lè má ní i lọ́dún tó ń bọ̀.

Àǹtí_Pátákó

Ẹ̀gbọ́n, rọ́bà òrùka tó wà nídìí ìdérí yẹn ṣì nílò ọ̀rá díẹ̀ kí omi má wọlé. Ọ̀rá sílíkónì ni kí ẹ lò, fọ́nrán kan, kí ẹ fi ìka rọra pa á mọ́ rọ́bà nìkan. Kó má kan ojú síkúrù.

Ọdẹ_Ìrọ̀lẹ́

Rọ́bà nìkan. Mo ti kọ ọ́ sínú páálí awò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọ̀gá mi. Ọ̀la ni mo ń lọ kí wọn, màá gbé e dání kí wọ́n tún rí iná náà.